Ogun Tàbí Ogún

“Àǹtí, ta ló ń yìnbọn nínú ilé yẹn?”

Ohùn dírẹ́bà kan nínú ẹgbẹ́ wọn ló jáde látinú fóònù bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù sì rọ̀jò àwòrán ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Alágbàfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àǹtí sáré gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì kó má baà jó.

Látọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́ òǹkàwé orí Wasáàpù yìí, gbígbọ́ ló ń gbọ́, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn tí kò fojú rí rí ń ka ìwé kan náà, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ìyẹn nìkan ti tó o ní fàájì. Òní ló kọ́kọ́ gbóhùn sílẹ̀. Gbólóhùn tó parí ìwé náà ni wọ́n ní kó kà, òǹtẹ̀wé kò sì fàmì ohùn sí i: *Baba fi ogun sile fun won.* Òun kà á ní “ogun”, ti ìbọn àti ìjà. “Ogún” ni gbogbo ẹgbẹ́ ń kà á, ilé àti ilẹ̀ tí bàbá ń fi sílẹ̀ fọ́mọ.

Ojú tì í. Ẹyin lohùn, tiẹ̀ ti já bọ́ lójú gbogbo ayé. Ìka rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ń tẹ̀ láti kúrò nínú ẹgbẹ́ nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń darí wọn, dá sí i.

“Ẹ dákẹ́ ná. Ogun tí Àǹtí kó wá yìí, mo gbé e padà lọ sí orí kìíní. Ó sọ ìwé náà di ìwé mìíràn, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ lọ wò ó.”

Alágbàfọ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà tán, ó ká a, ó mú òmíràn. Ìgbà tó yá ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnìkan ń kà á níbi tọ́mọ ti ń ké, ẹnìkan níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo. Ogun ni gbogbo wọn ń kà. Irú èèyàn wo nìwọ̀nyí, tí wọ́n á fini ṣe yẹ̀yẹ́ tán, tí wọ́n á tún padà sídìí ìwé nítorí àṣìkà ẹnìkan?

Dírẹ́bà ló dé kẹ́yìn. “Àǹtí, ẹ má bínú. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kà á ni. Àwọn ọmọ bàbá yẹn ò kí ara wọn látìbẹ̀rẹ̀ ìwé, èmi ò rí i! Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Lẹ́yìn pákó tí Alágbàfọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pín ilé bàbá wọn sí méjì nígbà tí ìjà le, ẹ̀gbọ́n náà wúkọ́. Alágbàfọ̀ ti mọ ikọ́ yẹn ju ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ báyìí.

Ó gbé fóònù sẹ́nu láti fèsì, ó tún gbé e kalẹ̀. Àwọn àjèjì ti bi í léèrè bó ṣe ka gbólóhùn kan. Òun kò tíì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè rí bóyá ogun ló ń pe ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún wọn, tàbí ogún.