Àmì Kan Lórí Ohùn

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí ẹni tó bá ń wá ìtàn akíkanjú lè máa bá tirẹ̀ lọ. Aránṣọ ni mí. Láàárọ̀, mo máa ń jókòó ti máṣíìnì títí ẹ̀yìn mi á fi gan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo tún máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tí àbúrò mi gbé wá, èyí tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí àwo dífídì kan ṣoṣo ni.

Màámi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti di tipẹ́, dókítà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ti òsì náà ń bọ̀ lọ́nà, kò sì sí oògùn tó lè dá a dúró. Nígbà tí a délé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní, "Kí èyí tó kù yìí tó di, mo fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá yín lẹ́ẹ̀kan sí i." Kò sunkún. Èmi ni mo sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún.

Bàámi ti kú. Akọ-sáìnbọ́ọ̀dù ni nígbà ayé rẹ̀, téèpù kan ṣoṣo ló sì kù tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní kámẹ́rà ló yà á níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí àkàbà. A ti rí ẹni bá wa da téèpù náà sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó kù ni ká dà á sórí àwo. Ẹ má sọ fún mi pé fóònù wà. Ohùn inú fóònù tín-ín-rín ju etí Màámi lọ. Irú ẹ̀rọ dífídì àtijọ́ tí Bàámi rà, tó ní àpótí sípíkà gìrìwò méjì, òun nìkan ni Màámi lè fi etí òsì tì kó gbọ́ nǹkan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màámi kì í gbé ojú kan: bó bá ti wà lọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀, á lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, á tún lọ sọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn wa. Ẹ̀rọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan ló ní agídí tirẹ̀. Àwo tó máa jẹ́ ìpè gbogbo wọn là ń wá.

Àbúrò mi ọkùnrin, Mo-Ti-Mọ̀ là ń pè é. Kò sí ohun tí ẹ máa bi í tí kò ní fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Mo ti mọ ètò kọ̀ǹpútà tí a máa lò."

Ètò àkọ́kọ́ tó mọ̀ yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ó da fíìmù náà sórí àwo dáadáa, àmọ́ ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí àárín gbùngbùn àwòrán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màámi wò ó, ó bi wá pé, "Ta ló kọ̀wé sí ọkọ mi lójú?" A yọ àwo náà kí Bàámi tó la ẹnu.

Èkejì lẹ́wà ju ìyàwó tuntun lọ. Kí ẹ tó rí Bàámi, ẹ máa kọ́kọ́ rí òdòdó, ẹ máa gbọ́ dùùrù, ẹ máa fi rìmóòtù yan ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ gbà wọlé. Màámi tẹ rìmóòtù títí, inú òdòdó ló ń bára rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ìgbéyàwó ni wọ́n pe òun wá.

Ẹ̀kẹta, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀rọ Màámi, pàbó ló já sí. Mo-Ti-Mọ̀ fi ọwọ́ ha orí, ó ní ètò yẹn kò ṣe é bí fíìmù, ńṣe ló kàn dì í bí ẹrù, ẹ̀rọ àtijọ́ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹrù. Mo bi í pé ṣé ó ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètò mìíràn.

Ìkẹrin burẹ́wà, bí ẹni pé inú ń bí ẹni tó ṣe é. Kò sí òdòdó, kò sí dùùrù. Ó máa bèèrè irú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ní, ó máa bèèrè orúkọ àwo, ó tán. Tí ẹ bá ti fi àwo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, fíìmù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹnì kankan ò ní tẹ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbi tó ti bèèrè orúkọ, mo kọ *Ohùn Bàámi*, mo sì fara balẹ̀ wá gbogbo àmì orí rẹ̀ jáde lára kọ̀ǹpútà, nítorí ọmọ bàbá mi ni mí.

Ẹ gbọ́ irú ẹni tí Bàámi jẹ́. Akọ-sáìnbọ́ọ̀dù kan ti wà ládùúgbò wa rí tó kọ ọ́ fún mẹkáníìkì pé "A ń tún ọkọ ṣe níbí," tí kò fi àmì sí i. Bàámi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní wàhálà dé, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ ọlọ́kọ ṣe ti ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀ mọ́. Tó bá ti gun àkàbà, Màámi á dúró sísàlẹ̀ pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Tó bá dé ibi tí àmì wà, á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan àkàbà, kó, kó, á ní, "Ìyá wọn, èyí ńkọ́?" Màámi á fi dò, re, mí dá a lóhùn, àmì á sì bọ́ síbi tó yẹ. Kò sí sáìnbọ́ọ̀dù Bàámi kan tí Màámi ò bá a fi ẹnu kọ.

A fi àwo náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní kò sí àwo nínú òun. A gbé e dé ilé Mo-Ti-Mọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. A tún un ṣe, a tún un ṣe sí i, bákan náà ló ń rí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Màámi ti ń ní "ẹ̀n?" bí a bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ sí etí òsì náà. Mò ń gbọ́ "ẹ̀n" yẹn láti ìdí máṣíìnì mi, abẹ́rẹ́ á sì gún mi níka.

Mo bínú sí àbúrò mi. Mo ní gbogbo mo-ti-mọ̀ rẹ̀ kò tíì mú ohùn kan ṣoṣo dé etí Màámi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bàbá tèmi náà kọ́ ni?" Ojú tì mí. Ó rẹ àwa méjèèjì.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ló padà tú àṣírí náà. Lọ́jọ́ kan, mo ṣe àwo ìdánwò kúkúrú kan tí kò sí ohùn Bàámi nínú rẹ̀, agara dá mi débi pé mi ò wá àmì kankan. Mo fi orúkọ tí ètò náà fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀ sílẹ̀. Àwo náà ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ Màámi, ó ṣiṣẹ́ nílé Mo-Ti-Mọ̀, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn.

"Àmì ni!" Mo-Ti-Mọ̀ pariwo. "Ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí ò mọ àmì. Tí wọ́n bá ti rí i lára orúkọ, wọn ò ní ka àwo náà rárá."

"Kí n wá yọ àmì lórí ọ̀rọ̀ Bàámi? Bàámi?"

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé tí àwo yìí ń lọ, wọn ò gbọ́ àmì níbẹ̀."

Mi ò lè fi orúkọ kọ̀ǹpútà sọ bàbá mi. Mo kọ OHUN BAAMI. Mo wò ó, inú mi bàjẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló kúrò lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ohùn di ohun, bí ẹni pé ṣòkòtò Bàámi ni mo kó sínú àwo. Nígbà tó jáde, ẹ̀rù ṣì ń bà mí débi pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi bírò dúdú kọ ọ́ sójú àwo, láìlámì.

A pe Màámi jókòó. Ó sún àga mọ́ àpótí sípíkà, ó fi etí òsì tì í. Mo ti àwo bọlé. Kò pẹ́, Bàámi yọ lórí àkàbà, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀dà ní àgbọ̀n. Ohùn rẹ̀ kún yàrá. Ó ń bá oníkámẹ́rà ṣàwàdà pé kó má ya ìdí òun. Mi ò tíì gbọ́ kó dún tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo jókòó sílẹ̀.

Ojú Màámi ò yí padà. Ó ní, "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

Mo-Ti-Mọ̀ yí ohùn sókè. Ife orí tábìlì ń gbọ̀n. Màámi tún bèèrè pé, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

A ti pẹ́ jù. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Níbi tí a ti ń yọ òdòdó, tí a ti ń wá àmì, etí ti di. Àbúrò mi gbé ọwọ́ lérí, ó kọjú sí ògiri. 

Màámi gbé etí kúrò lára àpótí. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ojú sípíkà, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Bàámi dé orí ọ̀rọ̀ kan lára sáìnbọ́ọ̀dù mẹkáníìkì náà, torí òun ni wọ́n padà pè láti tún un kọ. Ó yí búrọ́ọ̀ṣì, ó fi ìdí rẹ̀ kan àkàbà. Kó, kó.

"Ìyá wọn, èyí ńkọ́?"

"Re, dò!" Màámi kígbe. "Re, dò o! Tí o bá fi í sílẹ̀ láìlámì, àwọn obìnrin àdúgbò á kó ọkọ wọn wá fún àtúnṣe!"

Ohùn tirẹ̀, ti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́, sọ ọ̀rọ̀ kan náà tẹ̀lé e láti inú àpótí. Bàámi rẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sípíkà.

Nígbà tó parí, Mo-Ti-Mọ̀ lóṣòó níwájú rẹ̀, ó rọra la ẹnu kí Màámi lè rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀: "Màámi, ṣé ẹ gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. A ò bi í pé kí ló fi gbọ́.

Ó ní ká gbé àwo náà wá. Ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó kà á, ó wá gbójú sókè sí mi. "Ohun bàbá yín wo lẹ kó síbí?"

Mo fi ọwọ́ àti ẹnu ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni, pé ẹ̀rọ ò fẹ́ àmì.

"Ẹ̀rọ ò lójú tó fi ń wo òkè àwo," ló wí. "Mú bírò yẹn wá."

Mo fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣi ibẹ̀. Ó fa ìlà kékeré kan sórí U, láti òkè wá sílẹ̀, ó sì dá àwo náà padà fún mi.

"Re, dò," ló wí.