Wo Bí Ibí Ṣe Rẹwà

Odidi ọdún kan ni ọkọ mi fi ń pariwo ìlú orí òkè yẹn sí mi létí. Ó ní ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, pé atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, pé wọn ò ní aránṣọ gidi. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti rẹ̀ mí kọjá àríyànjiyàn. Mo ní ká lọ wo ilé tó rí lókè ìlú náà.

Ajẹ́ǹtì ṣáájú wa, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré, ó ń gun àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́. A ò tíì lọ jìnnà tí ọkọ mi fi dúró.

"Wo bí ibí ṣe rẹwà," ló wí.

Mo wò ó. Páànù tuntun ni mo rí, àti ilé tí wọn ò tíì rẹ́.

A rìn díẹ̀, ó tún dúró. "Wo bí ibí ṣe rẹwà." Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn nàka.

"Ṣé ó kù púpọ̀?" ni mo bi ajẹ́ǹtì.

"Màmá, a ò tíì dé ìdajì!"

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo rí òógùn tó ń ṣàn wọ kọ́là ọkọ mi. Mo di orúnkún mi mú, orúnkún tí kò tiẹ̀ dùn mí lọ́jọ́ náà.

"Bàbá wọn, orúnkún yìí ò gbà. Ẹ má bínú."

"Tí kò bá gbà, a ò lè fipá mú un," ló yára dáhùn.

Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo ìlú náà tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú wa, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ọkọ mi kò ní kí n wo nǹkan kan.