Tanwíji Inú Ilé Wolé-wolé

Wolé-wolé ni ọkọ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ilé onílé lọ, kó máa ṣí ìdérí àgbá, kó máa yọjú wo abẹ́ káńtà, kó máa wá omi tó ti dákẹ́ sójú kan tí tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, ti ń jó nínú rẹ̀. Bó bá rí i, á dà á nù, á sì bu owó ìtanràn lé onílé. Ó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Àwọn ará àdúgbò náà mọ òun dunjú, wọ́n ń dá ìró bàtà rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè.

Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ kan tí mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi dé. Abọ́ funfun mẹ́ta wà lójú fèrèsé yàrá ìjókòó wa, àwọ̀n bò wọ́n lórí, tanwíji sì ń yí bírí bírí nínú wọn. Ọkọ mi jókòó tì wọ́n, ó ń fi ṣíbí kékeré fún wọn lóúnjẹ. Mo bi í pé ṣé kí n lọ pe wolé-wolé ni. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìwé ló fa gbogbo rẹ̀. Yunifásítì kan ní ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú bàọ́lọ́jì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sí pé ò ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dí láàárọ̀ á gbọ́ tirẹ̀ lọ́sàn-án, inú ilé rẹ lo sì ti lè ṣe iṣẹ́ ìwádìí, bó o bá ti rí ohun ẹlẹ́mìí kan tó o fẹ́ béèrè nǹkan nípa rẹ̀. Ọkọ mi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, nídìí oúnjẹ, kódà nílé ìwẹ̀, tí mo fi ń gbọ́ ohùn obìnrin àjèjì látibẹ̀ tí mo sì ń rán ara mi létí pé olùkọ́ ni. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó dùn mọ́ ọn nínú.

Ìbéèrè tirẹ̀ rèé. Tanwíji a máa fi ìdí rọ̀ sójú omi, torí ibẹ̀ ló fi ń mí. Bí òjìji bá ti kọjá lórí wọn, gbogbo wọn á sá lọ sísàlẹ̀ abọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ mi ti ń rí i lẹ́nu iṣẹ́, kò sì fìgbà kan bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan, dídà ló ń dà wọ́n nù. Ó wá fẹ́ mọ̀ báyìí: bí òjìji bá ń kọjá ṣáá tí aburú kankan ò tẹ̀lé e, ṣé ó lè mọ́ wọn lára kí wọ́n má sá mọ́? Láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á na ọwọ́ kọjá lórí abọ́, fìrì. Wọ́n á sá. Á dúró, á tún na ọwọ́, fìrì. Wọ́n á tún sá. Kò mọ́ wọn lára rárá. Ọ̀rọ̀ náà wá di ohun tí èmi gan-an ń rò nídìí máṣínì mi, pé kí ni nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń rí tó ń bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni olùkọ́ rẹ̀ máa wò ó lójú fóònù bó ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ yẹn ò ṣeé yẹ̀. Ọkọ mi ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Wọ́n gbà á padà, wọ́n sì sọ fún un pé bí kò bá tún rí iṣẹ́ fi hàn lọ́tẹ̀ yìí, kó máa lọ sílé rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ìyá ọkọ mi gòkè wá mú abẹ́rẹ́ nílé wa nígbà tí a ò sí nílé. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni wọ́n ń gbé, àwọn àti òdòdó wọn tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ní kọ́kọ́rọ́ wa lọ́wọ́. Ọkọ mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ abọ́ yìí fún wọn, ó ń sá fún ẹnu wọn. Màámi, tí kò sẹ́ni tí wọn kì í sọ fún pé wolé-wolé lọmọ àwọn, da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n fi ọṣẹ fọ abọ́, wọ́n sì dojú wọn dé sínú oòrùn. Nígbà tí a dé, wọ́n ń retí kí a dúpẹ́. Wọ́n ní ọ̀tá kan ló fẹ́ ba ọmọ àwọn lórúkọ jẹ́, Ọlọ́run ò gbà fún un.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mo ní kó dìde, pé tanwíji ò lè wọ́n ládùúgbò. Mo gbàgbé pé wolé-wolé lọkọ mi. Onígbàjámọ̀ ní òun kì í tọ́jú omi rárá. Alágbàfọ̀, tó ń gbé inú omi látàárọ̀ dalẹ́, ní kò sí omi lọ́dọ̀ òun. Ọkọ mi ní òun ò wá mú ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ lòun wá bẹ̀, tanwíji lòun fẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Irú ọgbọ́n àrékérekè yìí, wọn ò rí i lọ́wọ́ ìjọba rí.

Ó wá ku ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí alátáyà ṣe rí wa, ó lọ dúró síwájú táyà ńlá kan. Ó ń kí wa, ó ń béèrè ará ilé, ó sì ń fi gìgísẹ̀ ti táyà náà lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó fi orí ọmọ rẹ̀ búra pé gbogbo táyà òun ló gbẹ. Ọkọ mi ń wo omi yẹn bó ṣe ń wọ gọ́tà lọ, èmi náà ń wò ó.

Orí àtẹ̀gùn ni ọkọ mi jókòó sí nígbà tí a padà dé. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi: ìwé, olùkọ́, Sátidé. Wọ́n wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn lọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá gbé àwo kan jáde, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó kí omi má baà ba ilẹ̀ jẹ́. Tanwíji kún inú rẹ̀.

Ọkọ mi dìde. "Màámi, nílé yín?"

"Nílé mi."

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni mò ń wo abẹ́ òdòdó yẹn. Gbígbẹ ni mo máa ń bá a."

"Mo máa ń gbọ́ bàtà ẹ lórí àtẹ̀gùn. Kó o tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti dà á sínú yẹ̀pẹ̀."

Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun, ṣebí ọmọ wọn lòun. Ojú tì wọ́n, mo rí i, àmọ́ wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Tó o bá ti jókòó, ọmọ mi ni ẹ́. Tó o bá ń wọlé bọ̀, wolé-wolé ni ẹ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé àwo náà sórí tábìlì, a fi ìwé gbé fóònù dúró. Olùkọ́ yọjú pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọkọ mi na ọwọ́, fìrì, tanwíji sá lọ sísàlẹ̀. Ó tún nà án, wọ́n tún sá. Ó ti ń ṣàlàyé pé kò mọ́ wọn lára nígbà tí Màámi, tí wọ́n ti ń nàgà lẹ́yìn wa látìgbà yìí, rọra tẹ̀ síwájú láti wò ó dáadáa. Òjìji orí wọn bo gbogbo inú àwo. Tanwíji kan ò mira.

Olùkọ́ gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí màmá jọ̀wọ́ padà sẹ́yìn, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ṣe é, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí òdòdó wọn láràárọ̀. Bákan náà ló rí. Olùkọ́ bi ọkọ mi pé ṣé ìyá rẹ̀ ló ti mọ́ wọn lára ni àbí nǹkan mìíràn. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Olùkọ́ ní kí ọkọ mi náà na ọwọ́ tirẹ̀, kó rọra. Ó gbìyànjú, ọwọ́ náà ò gbọ́, ó yára, wọ́n sá. Màámi wá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ, wọ́n sì ń tì í kọjá lórí omi díẹ̀díẹ̀. Òjìji ọwọ́ méjèèjì wọ inú àwo. Tanwíji rọ̀ síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń mí.

Olùkọ́ ní ó yege, àmọ́ kó fi ìbéèrè tàtijọ́ sílẹ̀. Ó ní bóyá kì í ṣe òjìji ló ń lé wọn, bóyá bó ṣe ń já lù wọ́n lójijì ni, kó lọ wádìí ìyẹn. Màámi béèrè bóyá àwọn náà máa gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí a pa fóònù, ọkọ mi bu èyí tó fẹ́ sínú abọ́ tó ní àwọ̀n, Màámi sì da ìyókù sínú yẹ̀pẹ̀ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà nídìí máṣínì nígbà tí mo rí ọkọ mi tó ń bọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Alátáyà ti rí i, ó ti ń lọ síwájú táyà rẹ̀. Ọkọ mi ò wọlé. Ó kan géètì ọgbà alátáyà, ó sì dúró síta. Ó dúró títí tí alátáyà fi yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọlọ́pàá ló kó wá. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó ní kó wọlé, ọkọ mi rọra wọlé, ó sì bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Nígbà tó yá, alátáyà dìde, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà.

"Wolé-wolé, táyà kan wà lẹ́yìn yẹn. Bá mi wò ó, ó jọ pé tanwíji wà nínú ẹ̀."