Ẹ̀rọ Tó Mọ Gbogbo Ọ̀nà

"Ọmọ mi kò ní wọ ọkọ̀ yẹn," ni Ìyá Ọlábímpé wí. Ó gbé ọwọ́ lé ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ dì í mú kó má baà sá lọ.

Nọ́ọ̀sì Adéjọkẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ bíi tòní nìkan ni dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń wá láti Òṣogbo sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń retí wọn ní Ìkìrun, bó bá sì ti di ọ̀sán, á padà. Ọlábímpé wà nínú yàrá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ọmọ inú rẹ̀ sì dábùú. Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ tẹ ikùn náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí: orí ọmọ wà lápá òsì, ìdí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé báyìí, wọ́n lè pàdánù ìyá àti ọmọ. Oyún méjì ló sì ti bọ́ lára Ọlábímpé ṣáájú èyí.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí láti Ìníṣà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo dé tán, ẹ ní kí n máa lọ."

"A ò ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ọkọ̀ yín la ò fẹ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wa."

Òótọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 yẹn ni Olúwaṣèyítán, àbúrò Nọ́ọ̀sì tó wà ní Jámánì, fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ kan wà níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, tí ojú rẹ̀ dà bíi ti tẹlifíṣàn kékeré. Àbúrò rẹ̀ ṣàlàyé lórí fóònù pé sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ló ń bá ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, pé kò sí ibi tí ọkọ̀ náà lè dúró sí tí ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Nọ́ọ̀sì kì í sábà yangàn, ṣùgbọ́n ó fi èyí yangàn. Ó sọ ọ́ fún àwọn aboyún tó ń wá sí ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní Ìníṣà, ó ní olè tó bá jí ọkọ̀ òun kò ní rí ibi sá sí. Kò rò ó pé àwọn obìnrin náà lè gbọ́ ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ojú kan ń ṣọ́ ẹni tó bá wọ ọkọ̀ náà. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó ti máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àwọn dé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀kadà tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ìyá Ọlábímpé tún ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ ní ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, wọ́n ríran pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tí yóò bí sí títí wọn yóò fi gbọ́ igbe ọmọ. Ìyẹn ló mú kó gbé e kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìkìrun wá sí Òkukù ní ìkọ̀kọ̀. Oyèwálé ọkọ rẹ̀ ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ìyàwó òun wà ní Èkó-Ẹndẹ, níbi tó ti ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó sọ ọ́ débi pé àwọn kan ti ń fi iṣu ránṣẹ́ sí aláìsàn náà.

Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá bọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ wọ̀, níbi tí gbogbo èrò ọjà yóò ti máa wo ikùn Ọlábímpé láti Òkukù títí dé Ìkìrun.

"Àwọn tinú bọ́ọ̀sì, èmi náà rí wọn," ni ìyá dáhùn. "Bí wọ́n bá ń wò mí, èmi náà á máa wò wọ́n. Ti inú ọkọ̀ yín yìí, ta ni mo fẹ́ wò? Ta ló jókòó sójú ọ̀run tó ń wo ọmọ mi?"

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Nọ́ọ̀sì. Kò fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣòfò, àkókò ni o, epo ni o. Epo sì ti di ọ̀wọ́n. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó lè gbé wọn dé Ìkìrun lọ. Ó rò ó pé kí òun fa ẹ̀rọ náà yọ, ṣùgbọ́n kò mọ wáyà tó so mọ́ wáyà, kò sì ní fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀ jù lọ. Ó ṣí ìlẹ̀kùn iwájú.

"Ẹ wọlé, Ìyá. Ẹ̀yin nìkan. Ẹ jẹ́ ká yí ìlú po díẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ohun tó mọ̀."

Ìyá wọlé, ó jókòó. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ṣáná sí ọkọ̀, ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Ìyá di àga mú.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ náà ni. Èdè Jámánì ló ń sọ."

"Kí ló wí?"

"Mi ò gbọ́ èdè yẹn, Ìyá."

"Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yín, ẹ ò sì mọ ohun tó ń wí," ni ìyá wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé kẹ́dùn.

Wọ́n kọjá níwájú ọjà, wọ́n sì yà sí ọ̀nà rélùwéè. Nọ́ọ̀sì dúró.

"Níbo la wà yìí?" ni ìyá bi í.

"Iwájú rélùwéè."

"Òun ńkọ́? Níbo ló ní a wà?"

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ síwájú láti wo ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀ náà, ojú ọ̀nà ló ń wò. Kò fìgbà kan tẹjú mọ́ ẹ̀rọ yẹn dáadáa. Àwọn ìlà tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, ọfà pupa kan sì dúró sórí ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ ìlú tó wà lókè kì í ṣe àjèjì sí i. Òun ló máa ń rí lẹ́yìn àpò lẹ́tà àbúrò rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó tún dúró, ó tún wò ó. Ọfà náà kò mira.

"Jámánì," ló wí níkẹyìn. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi í pa mọ́. "Ó ní Jámánì la wà. Kò jọ pé ó ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá."

"Kò mọ Òkukù?"

"Kò mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Pẹ̀lú rélùwéè wa yìí? Tí àwọn òyìnbó fúnra wọn là síbí kí wọ́n tó bí mi?" Ìyá wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo àlejò tó wọlé tí kò kí onílé. "Ó mà kúkú gọ̀ o."

Nọ́ọ̀sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó dárí ọkọ̀ padà sílé, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò kúrò lórí àga.

"Nọ́ọ̀sì, mo ń rò ó. Bó bá jẹ́ Òkukù nìkan ni kò mọ̀ ńkọ́? Ìkìrun tóbi jù wá lọ. Ó lè mọ Ìkìrun."

Nọ́ọ̀sì di sítíárìn mú, nítorí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń bá àgbà sọ. Àsìkò yẹn ni Ọlábímpé jáde láti inú yàrá, ó ń rọra rìn, báàgì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀. Láti àárọ̀ kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Ó ju báàgì sẹ́yìn ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé iwájú, ó tú ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó nawọ́ kọjá lójú ìyá rẹ̀, ó sì fi bo ojú ẹ̀rọ náà.

"Kó máa wo aṣọ," ló wí. "Màámi, ẹ bọ́ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá di mí mú. Ọ̀nà yẹn kò dáa."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi." Ó fi ọwọ́ lé apá òsì ikùn rẹ̀, níbi tí orí ọmọ wà. "Eléyìí tó dábùú ló ń bà mí lẹ́rù."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Ọlábímpé wọlé tẹ̀ lé e, ìyá sì gbé orí rẹ̀ lé itan.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé aṣọ kò lè dí ojú ọ̀run. Ó sì ti mọ̀ báyìí pé kò sí ohun tí aṣọ fẹ́ dí. Etí ìborùn náà kan ṣì ń já bọ́. Ó ká a sókè, ó sì fi há ẹ̀gbẹ́ rédíò kó lè dúró dáadáa.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Nọ́ọ̀sì," ni Ọlábímpé wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà."

Nọ́ọ̀sì yí ọkọ̀ sí ọ̀nà Ìníṣà tó já sí Ìkìrun, ó sì ń yẹ kòtò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń lọ.