Ṣálángá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Lò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ẹ̀ bá wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1978, nígbà tí Kùdírátù aránṣọ pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, tó já gèlè lórí, tó fi gba ìdí, tó sì kọrí sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tó kí i lọ́nà, kò dá wọn lóhùn.

Àìṣà, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní ìwé kẹfà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún wọlé, tó gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n ti lé e. Kò jalè, kò bú tíṣà. Inú ló ń lọ́ ọ, ó sáré lọ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì ká a mọ́ ibẹ̀. Ìdánwò ìwé mẹ́fà sì rèé, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìwé kejì ni wọ́n ti yọ Kùdírátù fúnra rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ nígbà èwe, nọ́ńbà ara téèpù tó fi ń wọn aṣọ nìkan ló sì lè kà. Ó ti búra pé ti ọmọ òun kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé kan.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá." Kùdírátù kúnlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló mú un kúnlẹ̀, kì í ṣe ọ̀wọ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá, Ìyá Àìṣà." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ mú un jókòó sílé. Tó bá di táàmù tó ń bọ̀, a ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò."

"Ìdánwò ti kọjá nígbà yẹn."

"Ó yẹ kó ti rò ó kó tó lọ ba ọgbà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, Ìyá Àìṣà. Ẹni tí yóò kó o ni kò ní gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ ló ń sọ yẹn. Ìjọba fẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mọ́ tónítóní ju àwọn yòókù lọ ní ife, ilé-ẹ̀kọ́ tó gbin igi, tó sì ń kọ́ ọmọ ní ìlera. Ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú Ìyìn ló gbé e lọ lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ni orúkọ Ìyìn ti ń bí Adébíyìí nínú. Ó ti kun gbogbo òkúta ojú ọ̀nà lẹ́fun. Ó ní kí wọ́n kọ ÌMỌ́TÓTÓ BORÍ ÀRÙN sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ewé kan bá já bọ́ sílẹ̀, ọmọ méjì ni yóò sáré lọ ṣà á.

"Ṣebí a ní ṣálángá," ni Kùdírátù wí.

"A ní."

"Kí ló dé tí ọmọ mi kò fi lọ síbẹ̀?"

"Ó wà ní títì." Adébíyìí wá gbójú sókè wàyí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Irínwó ọmọ ni kí n wá jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí aláyẹ̀wò tó dé? Tí wọ́n bá ti lọ, a ó ṣí i."

"Ohun tí ẹ sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ọ̀gá, oyún oṣù méje wà nínú mi tí mo fi ru iyanrìn ṣálángá yẹn láti odò. Agbọ̀n mẹ́wàá ni ẹ bù fún òbí kọ̀ọ̀kan, mo sì ru tèmi pé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ère la ń gbẹ́."

"Obìnrin yìí, ẹ jáde ní ọ́fíìsì mi."

Ó jáde. Ilé Bàdírù ló gbà lọ tààrà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ òbí. Ọkọ rẹ̀ awakọ̀ wà ní òkè Ọya, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá a dá sí i. Ó ro ẹjọ́ náà tán pátá. Bàdírù kàn ń run pákò.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni ó wí. "Ìlú fẹ́ gba ife, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ọmọbìnrin ṣáà ni. Jẹ́ kó jókòó tì ọ́, kó kọ́ ìránṣọ."

Ohun tó dun Kùdírátù jù lọ nìyẹn. Adébíyìí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà lójú, ẹni tó yẹ kó ṣí i ti ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ dè é. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó jù ú lọ, ó sì lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ro ohun tí yóò ṣe.

Lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò dé, ó wọ aṣọ àdúrà ọjọ́ Jímọ̀, ó sì dúró láàárín àwọn òbí. Mẹ́ta ni àwọn aláyẹ̀wò náà. Ọ̀dọ́kùnrin méjì so táì, wọ́n di bébà mú. Ẹnì kẹta jẹ́ àgbàlagbà wolé-wolé kan tí wọ́n ń pè ní Akínọlá, tó wọ aṣọ kakí tó ti ṣí. Ó ti yẹ àmù àti àgbàrá wò káàkiri Èkìtì fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ to ìlà, wọ́n kọrin. Wọ́n fi òdòdó hàn wọ́n, wọ́n fi igi tuntun hàn wọ́n. Àwọn ọlọ́táì ń fi bírò sàmì rere.

Nígbà tó yá, wọ́n dé ẹnu ṣálángá. Adébíyìí mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó ṣí àgádágodo, ó sì fi kọ́ ara ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ ń dán. Ògiri funfun báláú.

"Kò sí eṣinṣin kan ṣoṣo," ni ọlọ́táì kan wí. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Bàdírù ló pa á jù.

Kùdírátù jáde láàárín èrò. Kò sáré. Ó mú àgádágodo náà lára ilẹ̀kùn, ó gba àárín àwọn ọkùnrin náà kọjá, ó ṣí ọmọrí igi tó bo ihò kúrò, ó sì ju àgádágodo sínú rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó balẹ̀. Ìró irin lórí òkúta ni gbogbo wọn gbọ́, kán-ún.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dún?" ni ó bi wọ́n. "Ṣé bí ṣálángá irínwó ọmọ ṣe máa ń dún nìyẹn?"

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ni Adébíyìí wí. "Orí rẹ̀ kò pé."

"Kùdírátù, jáde níbẹ̀," ni Bàdírù wí.

Akínọlá kò wo ìkankan nínú wọn. Ó bọ́ fìlà, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ba, ó sì wo inú ihò títí. Nígbà tó nàró, ó kọjú sí àwọn ọmọ.

"Ẹni tó bá ti lo ilé yìí rí, kó na ọwọ́ sókè."

Àwọn ọmọ wo Adébíyìí. Adébíyìí ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ kan kò lọ sókè nínú irínwó.

Wolé-wolé rìn yí ọgbà po lọ sẹ́yìn níbi tí igbó wà, lójú ọ̀nà odò tí àwọn ará àdúgbò ń pọn. Nígbà tó padà dé, bàtà rẹ̀ kan ti kó nǹkan. Ó dúró nídìí òkúta ẹlẹ́fun kan, ó fi ara balẹ̀ nu bàtà náà mọ́ ọn lára, ó nu ìhà kan, ó nu ìkejì. Ó wá ní kí àwọn ọlọ́táì pa gbogbo àmì rere wọn rẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi Kùdírátù pé kí ló dé gan-an, Kùdírátù sì rò fún un.

"Kí ọmọ náà wà ní kíláàsì lọ́la," ni ó sọ fún Adébíyìí. "Èmi yóò padà wá wò ó."

Ìyìn tún gba ife. Adó kò sì dárí ji Kùdírátù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn ìyá ọmọ ń pòṣé bí ó bá ń kọjá. Bàdírù kò jẹ́ kí ó wọ àgbàlá rẹ̀ mọ́.

Adébíyìí gba ọmọ náà padà. Ó ti ṣí ṣálángá, kò sí bí kò ṣe ní ṣí i, àgádágodo ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ní Àìṣà ni yóò máa fọ̀ ọ́ láràárọ̀, lásìkò ìṣirò gan-an, títí ìdánwò yóò fi dé. Nígbà tí Kùdírátù gbọ́, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tì í sí kíláàsì.

"Ọmọ ni mo bá wí," ni Adébíyìí ké láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. "N kò bá ìyá wí."

"Uṣẹ́ ni uṣẹ́, Ọ̀gá. Ẹni yòówù kó ṣe é, yóò mọ́."

Bí ó ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Òun àti Adébíyìí kò kí ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní àárọ̀ ìdánwò, ó ń da omi sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ilẹ̀kùn. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí orí Àìṣà lójú fèrèsé kíláàsì, tó tẹ̀ ba sórí bébà ìdánwò. Adébíyìí ló ni òjìji náà. Ó ká ìwé ìròyìn mọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn mú, ó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ ìkejì, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ ṣe kíá," ni ó wí.

Kùdírátù tún ri ìgbálẹ̀ náà bọ korobá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti igun ògiri.

"Ẹ ní sùúrù, Ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ mọ́."