Ẹ-Jẹ́-N-Bá-Yín-Ṣe-É

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá ṣe bí ẹni fẹ́ gbé kọ́ọ̀pù, ọwọ́ rẹ̀ á ti débẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, ó dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń kọ́ ní yunifásítì, ti kíkọ́ aláìsàn láti tún máa fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kò fẹ́ irú ìyẹn rárá.

Níbi ìdánwò àṣekágbá, wọ́n fún un ní bàbá télọ̀ kan tí rọpárọsẹ̀ ti mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá ti ní kí wọ́n bo màṣíìnì àwọn láṣọ, pé iṣẹ́ ti tán. Kí bàbá de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn fúnra wọn, ìdánwò náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì kìíní ò tíì wọlé tí òógùn fi bo bàbá. Ara ọmọ ò gbà á mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti de gbogbo rẹ̀, ó tún na kọ́là. Bàbá dúpẹ́, wọ́n sì dorí kodò.

Olùkọ́ kọ òdo sínú ìwé. “Ṣé ìwọ ni rọpárọsẹ̀ mú ni?”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un kó fi tún un ṣe. Bó bá tún fìdí rẹmi, á tún odindi ọdún kan kà. Ó délé, ó sunkún fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

“Nígbà tí o ń kọ́ ìrìn, tí o ń ṣubú, ta ló bá ẹ rìn? Ọwọ́ ń yún mi kí n gbé ẹ, ni mo bá jókòó lé e.”

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, kí bàbá tó fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bọ́tìnì yọ̀, ó tún yọ̀. Àánú bàbá ṣe é débi pé omi lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde.

“Ẹ fi ọwọ́ òsì di ihò ẹ̀ mú ná, bàbá.”

Bọ́tìnì wọlé. Ó pẹ́ gan-an kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wọlé, apá kan ṣẹ́ẹ̀tì sì gùn ju èkejì lọ. Ọmọ náà gé ètè jẹ. Bàbá wo ara wọn látòkè délẹ̀.

“Ta ló wọ irú èyí fún télọ̀?”

Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n tún un dè. Ó gún régé. Olùkọ́ mi orí, ó sì fi máàkì tó pé sínú ìwé. Inú ọmọ náà dùn, kò mọ ìgbà tó pariwo.

Bàbá ò tíì ṣe tán. Wọ́n ń wo kóòtù funfun tí ọmọ náà wọ̀. “Bọ́tìnì ẹ kan ti fẹ́ já. Bọ́ ọ wá.”

Olùkọ́ fa abẹ́rẹ́ àti òwú yọ nínú dúrọ́ọ̀. Bàbá na òwú sí ojú abẹ́rẹ́, ó tàsé. Wọ́n tún na án, ó tún tàsé. Ọmọ náà ti ń dìde.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n—”

“Jókòó lé ọwọ́ ẹ,” ni télọ̀ wí. Wọn ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́.