Íńtánẹ́ẹ̀tì Injiníà Obadiah

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi ní Kánádà," Obadiah wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, "yára débi pé tí mo bá fẹ́ pe èèyàn, ẹni náà á ti máa dá mi lóhùn kí n tó rántí orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan báyìí, èmi ni mo sín, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló nu imú."

Sàídì ọlọ́kadà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ti Apòmù wá jẹ ìkómọ, bi í bóyá ọ̀fìnkìn náà tún padà gba inú wáyà wálé. Obadiah ní ìyẹn kéré. Ó ní òun wo bọ́ọ̀lù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, òun ti mọ ẹni tó gbá a wọlé kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wọ bàtà.

Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó dákẹ́. Ojúde ilé Awówùmí ní Ìkirè ni wọ́n wà, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Bólúwadúró, àbúrò Obadiah, òun àti ìyàwó rẹ̀ Kẹ́misọ́lá ló bí ọmọkùnrin làǹtìlanti sí Kánádà, ọjọ́ ìkómọ ló pé yìí. Ilé kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ ń gbé lọ́hùn-ún. Ìsinmi ló gbé Obadiah wálé. Màmá Àmọ̀kẹ́, ìyá wọn, ti wá fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnu àwọn ni orúkọ àkọ́kọ́ máa ti jáde, àti pé àwọn ò ní í pe orúkọ lé ọmọ tójú àwọn ò tíì rí lórí. Fídíò ni wọ́n máa fi ṣe é.

Obadiah fún gbogbo èèyàn ní ọ̀rọ̀ ìdánilójú. Ṣé òun kọ́ ni Injiníà ni? Ṣé gbogbo Ìkirè ò mọ̀ pé òun ni ọ̀gá pátápátá nílé iṣẹ́ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìdajì Kánádà? Ìdajì tó kù gan-an, ó ní wọ́n ṣì ń bẹ òun.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyí. Dòdò ni Màmá fi tọ́ gbogbo wọn, dòdò Ìkirè gidi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá títí awọ rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí wọ́n á gún pẹ̀lú ata àti iyọ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ mọ, tí wọ́n á wá jù sínú epo pupa. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wọ epo, Màmá á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Láti Aṣéjirè títí dé Gbọ̀ngán, kò sí oníṣòwò mìíràn tó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Obadiah ni àkọ́bí, òun ni Màmá fẹ́ fi ìkòkò náà lé lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà gbó wọn lẹ́nu níwájú gbogbo àdúgbò: ó ní bí òun bá tún fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyé, kí wọ́n fi òun ṣe dòdò. Iṣẹ́ injiníà lòun máa ṣe.

Ó dé Kánádà, iṣẹ́ injiníà ò mọ̀ ọ́n rí. Ní Sátidé kan, ebi ilé mú un, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gún un, ó dín in. Òórùn náà gba ojú fèrèsé jáde, àwọn ará àdúgbò sì tẹ̀ lé e wọlé bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Láti ọjọ́ náà ni Obadiah ti ń dín dòdò tà. Ìlà àwọn oníbàárà rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó bá tò sẹ́yìn ní ọmọdé, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti hù kó tó kàn án.

Bí Màmá bá gbọ́ èyí, Obadiah mọ̀ pé oyè Injiníà ti bọ́ sínú epo nìyẹn. Ẹ̀rín tí wọ́n máa rín, ọmọ ọmọ òun á ṣì bá a lẹ́nu wọn.

Ohun tó wá ń pa àṣírí rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí ni íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fọ́nnu lé lórí. Lóòótọ́ ló ń sáré o, ṣùgbọ́n inú Kánádà nìkan ló ti mọ eré sá. Tó bá ti fẹ́ jáde sí ìlú òkèèrè, ńṣe ló máa ń dà bí ọ̀nà márosẹ̀ tó fẹ̀ rẹrẹ láti Ìbàdàn, tó kàn ṣàdédé di ọ̀nà oko Orílẹ̀-Òwu. Gbogbo ọdún tí Obadiah fi ń pe Màmá lórí fídíò, wọn ò rí imú rẹ̀ àti etí rẹ̀ lójú kan náà rí. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ títí nídìí ìkòkò epo tó ń hó. Màmá á ní kí ló ń dún ṣàràṣàrà lẹ́yìn rẹ. Á ní yìnyín ni.

Nítorí náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń yin eré, ọkàn rẹ̀ gbójú lé ìfàsẹ́yìn. Ó tiẹ̀ ti kìlọ̀ fáwọn àlejò pé bí àwòrán bá dúró gbagidi, ẹ̀bi Nàìjíríà ni.

Jemima, àbúrò wọn obìnrin tó ń ṣe tíṣà, so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé síta. Fóònù dún. Ojú Bólúwadúró yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ lóló bí omi òjò. Èèyàn lè ka irun imú rẹ̀. Ó gbé ọmọ sókè, ọmọ yán, gbogbo ojúde sì rí i pé kò tíì ní eyín kankan. Màmá dìde, wọ́n di etí tẹlifíṣọ̀n mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Àwọn èèyàn ń gbá Obadiah léjìká. Wọ́n ní Injiníà ò parọ́ rárá, àwọn ló jẹ̀bi.

Òógùn bo Injiníà. Ó bi àbúrò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ni wọ́n ṣe sí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú," Bólúwadúró dáhùn. "Inú Kánádà nìkan lèyí tí ẹ rà yẹn ti ń ṣe ọkùnrin. Nítorí kí Màmá lè rí ọmọ, a ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń sáré dé òkèèrè."

Jemima wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tìfura tìfura. "Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn yín?"

Obadiah ní ọmọ iṣẹ́ òun kan ni yóò ti bá wọn ṣe é. Ó dìde, ó ní iná yìí lè ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun pa á díẹ̀. Màmá ní kó kúrò níwájú ọmọ ọmọ àwọn.

Ìsọmọlórúkọ bẹ̀rẹ̀. Màmá tọ́ omi wò níbí, Bólúwadúró fi kan ètè ọmọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣe iyọ̀, wọ́n ṣe oyin. Ó wá ku aádùn.

"Màmá, a ò rí aádùn rà níbí," Bólúwadúró wí, "ṣùgbọ́n a ní ohun tó dùn jù ú lọ."

"Bólú, oyin ti tó," Obadiah sọ.

Bólúwadúró ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ti gbé fóònù wọ ilé ìdáná. Àwọn ará Ìkirè rí ìkòkò dúdú tó tóbi tó èyí tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n tò dé àjà. Wọ́n rí ìgbákọ lára ògiri. Bólúwadúró ṣí àwo kan, ó mú dòdò kan, ó sì yí ìdí rẹ̀ sí wọn kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Màmá mú dòdò kan nínú àwo tiwọn, wọ́n yí ìdí rẹ̀, wọ́n gbé e ti èyí tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ihò àtàǹpàkò méjèèjì ò yàtọ̀ síra.

"Obadiah," Màmá ní, "ọwọ́ ta nìyí?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún."

"Bùọ̀dá," Bólúwadúró tún wí láti Kánádà, "àwọn oníbàárà yín ń béèrè ìgbà tí ẹ máa dé o. Wọ́n ní èyí tí a dín dè yín ò dùn bíi tiyín."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Apòmù á rò pé àrá ló sán. Sàídì ṣubú lulẹ̀ lórí àga, kò sì dìde. Màmá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí ọmọ náà, wọ́n fi dòdò kan ètè tiwọn.

"Olúwaṣeunfúnmi," wọ́n pè é. "Olúwa ṣeun fún mi lóòótọ́. Mo rí ọmọ ọmọ, mo tún rí ẹni tó gba ìkòkò mi."

Wọ́n yíjú. Wọ́n mú ìgbákọ nídìí ààrò dòdò tó wà lẹ́bàá àtíbàbà, wọ́n nà án sí Obadiah.

"Gbà. Epo ti gbóná, àlejò sì pọ̀."

Obadiah wo ìgbákọ, ó wo Màmá, ó wo ojú ọ̀nà. Ó fo àga Sàídì kọjá, bàtà kan ṣẹ́kù sílẹ̀, agbádá rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ sínú bí àgọ́, ó sì gba ọ̀nà Apòmù lọ ní eré tí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan ò sá rí. Bólúwadúró bẹ Jemima pé kó yí fóònù sí ojú ọ̀nà. Ó yí i. Àwọn tó wà ní Kánádà wò ó kedere títí ó fi yà ní kọ́nà, àwòrán náà ò sì dúró lẹ́ẹ̀kan.